Bọ́ọ̀lù ni bàbá ń wò, aago lọmọ ń wò

Bàbá kan kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún 6 lóṣù tó kọjá. Ó ti lé lọ́dún méjì tí àwọn dókítà ti sọ fún wa pé ó ní ọ́tísìmù, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba nǹkan wọlé yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn jù láyé. Bàbá mi ló ń gbé mi lọ sí pápá nígbà tí mo wà ní kékeré, ó sì ti wà lọ́kàn mi látìgbà yẹn pé èmi náà á gbé ọmọ mi lọ. Mo gbé e lọ. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí ikọ̀ wa fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú kejìlélógún. Gbogbo èèyàn fò sókè, wọ́n pariwo, ọmọ mi sì kó sábẹ́ àga, ó di etí, ó ń ké, ó ń fi orí gbá mi lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní kí n fún un nígbátí kan, pé á dákẹ́. Mo gbé e jáde. Tí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù nílé lórí tẹlifíṣọ̀n, á wá jókòó, àmọ́ aago tó wà ní igun tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń wò, á sì kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n má gbé e lọ sí pápá mọ́ láé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa gbé e lọ lemọ́lemọ́, pé á mọ́ ọn lára. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé kí n tiẹ̀ ra jẹ́sì fún un, àbí kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù?"

Bàbá, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè kan ni ẹ pè é, mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣe ọmọ yín ní ìṣẹ́jú kejìlélógún yẹn. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun náà lè mọ́ ọn lára. Ẹ̀kẹta ni ẹ ò kọ sílẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ ọ lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín: ṣé ọmọ yìí tiẹ̀ fẹ́ kí èmi àti òun jọ ṣe nǹkan? Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀kẹta yẹn, ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn rẹ̀ nínú lẹ́tà yín láìfura. Ẹ ní tí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù, á wá jókòó. Ẹ ò pè é. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù kì í dédé fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ nítorí kó má bàa dùn yín. Bó bá wá, wíwá ló wu òun láti wá.

Ẹ wá ní aago nìkan ló ń wò. Ọ̀rọ̀ "nìkan" yẹn ni mo fẹ́ bá yín fà. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Èèyàn 22 ń sáré káàkiri, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn máa yà sí. Kámẹ́rà á wà lókè, lójijì á bọ́ sí ojú agbábọ́ọ̀lù kan, á tún padà sókè, á tún gbé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá jáde, ọmọdé tí kò mọ̀ pé àtúnwò ni yóò sì rò pé góòlù méjì ló wọlé. Àwọn méjì tó ń ròyìn eré ń sọ̀rọ̀ léra wọn. Nínú gbogbo ìyẹn, aago nìkan ló ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. 12:07, 12:08, 12:09. Ọmọ yín rí ohun kan ṣoṣo tó ṣeé gbára lé níbẹ̀, ó sì dì í mú. Tó bá jẹ́ èmi ni, bóyá òun náà ni mi ò bá wò.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù ti sọ bí ọkàn wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé kò yàtọ̀ sí i. Ọkàn tiwa dà bíi gílóòbù àárín yàrá, ó tàn dé ibi gbogbo, àmọ́ kò tàn gan-an síbì kankan. Ọkàn tiwọn dà bíi tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n bá tàn án sí á mọ́ kedere, ibi tó kù á ṣókùnkùn, tí ẹ bá sì já tọ́ọ̀ṣì náà gbà lọ́wọ́ wọn lójijì, ó máa ń dun wọ́n. Ní ọdún 2005 ni Dinah Murray, olùwádìí nípa ọ́tísìmù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé àlàyé yìí jáde, láti ìgbà náà ni àwa tó ń bá àwọn ọmọ yìí ṣiṣẹ́ sì ti ń lò ó. Mo bá ọmọ kan ṣiṣẹ́ rí, ọmọ ọdún 7, aago bọ́ọ̀lù lòun náà ń wò. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í, aago dé 45:00, ó kọjá sí 45:01. Ó yíjú sí mi. Kì í yíjú sí èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kò dúró." Ó dà bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Mo ṣàlàyé fún un pé rẹfirí ló ń fi ìṣẹ́jú tó ṣòfò kún un, àti pé ẹnì kan á gbé pátákó tó ní nọ́ńbà sókè. Láti ọjọ́ yẹn, pátákó yẹn ló ń dúró dè ju góòlù lọ. Inú rẹ̀ ì bá dùn tó bá wo eré England àti Iran ní ìdíje àgbáyé ọdún 2022, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 14 kún ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a níbi tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàn sí. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má kọjú sí i. Ẹ má bi í ní ìbéèrè, torí ìbéèrè ń fẹ́ èsì, èsì a sì máa di iṣẹ́ fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ̀yin náà rí lára aago. "Ó ku ìṣẹ́jú 3 kó pé 30." Kí ẹ dákẹ́. Tí góòlù bá wọlé, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tó wọlé sí i, 22:14. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fún un ní bírò náà. Ọ̀nà tí góòlù máa gbà di ohun tó kan òun náà nìyẹn, torí ó ti ní nọ́ńbà lára. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irú bọ́ọ̀lù tí ẹ̀yin àti bàbá yín jọ wò nìyí. Àmọ́ bóyá ìrìn náà lẹ̀yin náà fẹ́ràn nígbà yẹn, tàbí bí wọ́n ṣe ń gbé yín lé èjìká, bọ́ọ̀lù sì wá tẹ̀ lé e.

Ó kan ìṣẹ́jú kejìlélógún báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ni pé ó dùn ún. Mi ò sọ pé ó bà á lẹ́rù nìkan. Ó dùn ún, bí ìgbà tí nǹkan gbóná bá kan ara. Ariwo pápá kì í ṣe kékeré fún ẹnikẹ́ni. Àjọ NIOSH, tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ariwo tó bá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo), wákàtí 8 ni kéèyàn gbọ́ ọ mọ lóòjọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé sí i, ká gé àkókò náà sí méjì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Pápá tó kún lè débẹ̀, ó sì lè kọjá rẹ̀ nígbà tí góòlù bá wọlé. Ní pápá Arrowhead ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn òǹwòran pariwo dé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 142.2 kí wọ́n lè gba àmì-ẹ̀yẹ ariwo tó ga jù láyé. Etí ẹ̀yin àgbà gan-an kò gbọdọ̀ máa gba irú ìyẹn. Ẹ wá fi ti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í dín ohùn kù fún un kún un. Leo Kanner, dókítà tó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 ní ọdún 1943, ti rí i nígbà náà pé ariwo ńlá máa ń kó jìnnìjìnnì bá wọn. Síbẹ̀, ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń ṣàyẹ̀wò tó ka ọ̀rọ̀ etí, ojú àti ara yìí mọ́ àmì ọ́tísìmù gan-an. Àádọ́rin ọdún! Ẹ má dá ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn yín lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tó bá jẹ́ pé ariwo nìkan ni, kí ló dé tí ọmọ yín fara dà á fún ìṣẹ́jú 21? Pápá kò dákẹ́ rárá láàárín ìgbà yẹn. Ẹ rántí ilé: ọmọ tó ń di etí nítorí ariwo ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni yóò gbé ìdérí ìkòkò méjì, tí á máa gbá wọn mọ́ra títí orí yín á fi fẹ́ là. Àwọn òbí máa ń bi mí pé ṣé kò ń tàn wá ni. Rárá o. Òun ló ni ìdérí ìkòkò, òun ló mọ ìgbà tó máa dún. Ariwo tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dá, ara ti múra sílẹ̀ dè é. Góòlù ni ìdàkejì rẹ̀. Kò ní àkókò, kò ní ìkìlọ̀, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, tó fi mọ́ bàbá tó fọkàn tán, á sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ dìde, ojú yín yàtọ̀, ẹnu yín là, ọwọ́ yín lọ sókè. Ọmọ kan tó ti dàgbà tó lè ṣàlàyé sọ fún mi pé ariwo kọ́ ló ba òun lẹ́rù jù, pé ojú bàbá òun ni. Ó ní òun rò pé inú ń bí i.

Èyí ló fà á tí mi ò fi fara mọ́ ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín bó ṣe sọ ọ́. Ó lóòótọ́ díẹ̀ nínú. Ara lè kọ́ nǹkan, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmọ́ ara tó ń kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lè jáde. Tí ẹ bá gbé e padà sáàárín ariwo kan náà, tí ẹ sì dì í mú kó má lè lọ, ohun tó máa kọ́ ni pé ibi yìí burú, bàbá mi kò sì ní yọ mí. Mo mọ èyí nítorí pé èmi náà ti ṣe é. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì tuntun lọ́wọ́ mi, mo gba ìyá kan nímọ̀ràn pé kó jókòó pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ níbi ìdíje eré sísá ilé ìwé títí eré á fi parí, pé tó bá gbé e jáde, ọmọ á kọ́ láti máa ké kó lè rí ọ̀nà lọ. Ìyá náà gbà mí gbọ́. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi lọ, ó sì dákẹ́, èmi sì rò pé a ti borí. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìfarabalẹ̀. Ọmọ náà ti pa ara rẹ̀ dé bí ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi gbà láti gba ojú ọ̀nà tó kọjá níwájú pápá yẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àmọ́ ọmọ ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbátí yẹn. Ọmọ tó ń fi ẹkún bèèrè nǹkan máa ń wojú yín bóyá ẹ ń wo òun, tọ́wọ́ rẹ̀ bá sì ti tẹ nǹkan náà, ẹkún á dá. Ọmọ tí nǹkan ti kún ju agbára rẹ̀ lọ kò wojú ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fún un tó máa dá a dúró, ó sì lè fi orí gbá nǹkan láìmọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìwà, nítorí náà ìbáwí kò wúlò fún un. Ohun tó wúlò ni ohun tí ẹ ṣe: ẹ gbé e jáde. Nígbà mìíràn, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù dé gbólóhùn kan, "À ń jáde," ẹ má ṣàlàyé, ẹ má ṣàdéhùn, ẹ má dì í mú àyàfi tó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe tàbí kó sá lọ. Lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀, ẹ má retí pé á padà bọ̀ sípò lójú ẹsẹ̀. Ó lè rẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ lè dùn yín: ẹ ba eré náà jẹ́. Ẹ wá eré tó ti parí, tí ẹ ti mọ iye tó jẹ́, kí ẹ sọ fún ọmọ yín ṣáájú pé góòlù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú báyìí, báyìí àti báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Kí ẹ wá jọ wò ó. Fún ẹ̀yin, adùn ti lọ. Fún un, ìyọnu ló lọ, adùn wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè wọlé. Mo ti rí ọmọ tó wo eré kan ṣoṣo ní ọ̀nà 30, tó sì ń rẹ́rìn-ín kí góòlù tó wọlé. Lórí ìyẹn ni ẹ ti máa fi ohùn kún un díẹ̀díẹ̀. Òun ni kó di rímóòtù mú. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa yọ̀: ẹ bá a ṣàdéhùn pé tí góòlù bá wọlé, bàbá á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láìpariwo. Ẹ fi hàn án níwájú dígí, kó rí i pé ojú yín tó yí padà yẹn, ojú ayọ̀ ni. Tí ẹ bá ti ń wo eré tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ tún ti kìlọ̀ fún un pé góòlù lè wọlé kí wọ́n sì fagi lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú VAR, fídíò tí rẹfirí fi ń tún góòlù yẹ̀ wò, wọ ìdíje àgbáyé ní 2018, mo ti gbọ́ ẹkún ọmọ tó gba òfin gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, tó sì ti kọ ìṣẹ́jú góòlù sílẹ̀ ní bírò.

Ẹ tún yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ jẹ́. Mo mọ̀ pé òun ni ìfẹ́ yín, àmọ́ eré ìdárayá kì í ní ariwo kan náà. Nídìí tẹ́nìsì, adájọ́ á ní kí òǹwòran dákẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó lọ, àtẹ́wọ́ á sì wá lẹ́yìn tí wọ́n bá parí rẹ̀, kì í já lu èèyàn. Fún ọmọ tó fẹ́ràn aago, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n dìídì ṣe é fún un: aago máa ń dúró nígbà tí eré bá dúró, apá mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú 10 lọ́kọ̀ọ̀kan níbi ìdíje àgbáyé, 12 ní NBA, ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà, aago kejì tún wà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá 24 sẹ́yìn fún ikọ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù dání. Kò sí 45:01 níbẹ̀. Àmọ́ inú ilé ni wọ́n ti ń gbá a, ohùn á máa ta padà lára ògiri, fèrè aago tó ń han nígbà tí àkókò bá pé sì le gan-an. Ìwẹ̀ nínú ilé náà ń dún bẹ́ẹ̀. Eré sísá wà níta gbangba, àyè rẹ̀ fẹ̀, àmọ́ ìbọn tí wọ́n fi ń dá wọn sílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, tí ẹ ò bá sì sọ fún ọmọ ṣáájú, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí èyí tó dára tán. Ẹ mú èyí tí ariwo rẹ̀ ṣeé sọ tẹ́lẹ̀.

Tó bá kan pápá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èèyàn kò sí. Ẹ mú un lọ wo pápá ní ọjọ́ tí kò séré, kó rìn ín, kó fọwọ́ kan àga, kó mọ ibi tí ẹ ó gbà jáde. Ẹ ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà, àga, àti ilé ìtura, kí ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra di ìtàn kékeré tí ẹ ó máa kà fún un nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, eré àwọn ọmọdé tí òǹwòran rẹ̀ kò ju ogún lọ. Ìgbà tó bá kan eré ńlá, ẹ gba àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítòsí ibi ìjáde, kó jìnnà sí ẹ̀yìn ilé góòlù níbi tí àwọn olórin àti onílù ń jókòó sí, kó sì jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ ti pinnu ṣáájú pé ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa wò, kí ẹ sì jáde ní ìṣẹ́jú 40, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, kí èrò tó bo ọ̀nà. Ẹ má tìtorí pé ó ń gbádùn rẹ̀ kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Mo mọ bó ṣe máa ń wu èèyàn.

Ohun tó ń bo etí wà, èyí tó rí bíi hẹdifóònù ńlá tí kò ní orin nínú. Ẹ rà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé inú pápá ló ti máa kọ́kọ́ rí i. Kó máa fi ṣeré nílé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sì yẹ kó máa wọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí etí tí kò gbọ́ nǹkan fún ìgbà pípẹ́ máa ń tún le sí ohùn kékeré. Ẹ fi ilé ìtura sọ́kàn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí kì í mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n tàbí pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n títí á fi bọ́ sórí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbẹ ọwọ́ níbẹ̀ sì ti lé ọmọ púpọ̀ sá ju góòlù lọ. Sísá gan-an ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012 fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí wọ́n bi àwọn òbí wọn ló ti gbìyànjú láti sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú wọn rí lẹ́yìn ọmọ ọdún 4. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i lọ́wọ́ tàbí sí inú aṣọ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú aṣọ tó wọ̀, kí àgbàlagbà méjì sì bá a lọ.

Àwọn pápá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yàrá fún irú àwọn ọmọ báyìí. Ikọ̀ Sunderland ní England ṣí tiwọn ní Stadium of Light lọ́dún 2015, lẹ́yìn tí àwọn òbí ọmọ kan tí kò lè fara da ariwo pápá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀; Arsenal ṣí tiwọn ní 2017. Yàrá náà wà lẹ́yìn gíláàsì, ọmọ á máa wo pápá, ariwo á dín kù, iná rẹ̀ rọ̀. Okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó sunflower náà wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick lọ́dún 2016, kí òṣìṣẹ́ lè mọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé pé ẹni tó wọ̀ ọ́ nílò sùúrù. Ẹ pe pápá tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wọ́n léèrè. Àmọ́ ẹ má rò pé yàrá yẹn ni òpin ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kan kórìíra rẹ̀ torí àjèjì yàrá ni, àwọn bàbá kan sì sọ fún mi pé bí ìgbà tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n ńlá ni.

Ìyá ọmọ yín tọ̀nà tó bá ní kí ẹ má tún ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ "láé" ló ń sọ, mi ò bá a dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe ètò, kó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ la máa gbà tó bá ní nǹkan ti fẹ́ kún ju agbára ọmọ lọ, torí ó ṣeé ṣe kó tètè rí i jù yín lọ. Ojú tiyín máa wà lórí bọ́ọ̀lù. Mi ò tíì rí ọmọ yín, lẹ́tà ni mo rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, torí dídi etí lè jẹ́ àmì pé etí ń dùn ún. Mi ò sì lè ṣèlérí pé á fẹ́ràn pápá láé. Àwọn kan tí mo mọ̀ ti di àgbà báyìí, tí wọ́n mọ iye góòlù gbogbo agbábọ́ọ̀lù lórí, tí wọn ò sì ní tẹsẹ̀ wọ pápá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pariwo tó tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ sì padà wálé wá ka ìṣẹ́jú góòlù fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti jẹ́sì, ẹ rà á, àmọ́ ẹ ra èyí tó tóbi díẹ̀, ẹ gé àkọlé ọrùn rẹ̀ kúrò títí dé ìdí ìránṣọ, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbé e fún un. Ara aṣọ yẹn máa ń yún. Tó bá ní òun ò wọ̀ ọ́, ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn àga tó máa ń jókòó sí wo aago. Kí ẹ sì bi í léèrè nọ́ńbà tó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ní 45 lòun fẹ́, ẹ má sọ fún un pé kò sí agbábọ́ọ̀lù tó ń wọ 45 nínú ikọ̀ yín.